Iṣẹ́ tí wọn ò kà sí iṣẹ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ńṣe ni ìyàwó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun ń fẹsẹ̀ lérí ẹsẹ̀ jẹ owó ọkọ, ẹ bá mi kí i. Ọdún méje ni ọkọ tèmi fi ṣe bíríkìlà nílẹ̀ Lárúbáwá, mo sì mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí lọ́dún méjèèje.

Télọ̀ ni mí. Nínú oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ tó fi wà lọ́hùn-ún, owó kankan ò kàn wá. Gbèsè tí a jẹ lórí físà ló ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Maṣíìnì mi ló ń bọ́ wa. Ìgbà tí owó wá ń wọlé geere ló pè mí pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa: "Ṣé kí wọ́n máa sọ pé mi ò lè bọ́ ẹ ni?" Èmi náà ò janpata. Ta ni ò fẹ́ sinmi? Mo fi aṣọ bo maṣíìnì, mo tì í sí kọ̀rọ̀.

Ìsinmi dà? Oko rẹ̀ di tèmi. Àìsàn ìyá rẹ̀ di tèmi. Ó ń kọ́lé fún onílé lọ́hùn-ún, èmi ń ṣọ́ àwọn tó ń kọ́ tiwa kí wọ́n má baà jí sìmẹ́ńtì gbé. Lọ́jọ́ tí mo lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé, akọ̀wé bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Kí n tó lanu, ó ti kọ ọ́: "Ìyàwó ilé. Kò ṣiṣẹ́." Erùpẹ̀ oko ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.

Èmi nìkan kọ́. Àwọn tó ṣèwádìí ní Nepal àti Íjíbítì rí i pé bí ọkọ bá ti rìnrìn àjò lọ síṣẹ́, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni ìyàwó sábà ń fi sílẹ̀, iṣẹ́ oko àti ti ẹbí tí kò lówó lórí á sì máa pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn oníṣirò òṣìṣẹ́ lágbàáyé, lábẹ́ ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, fẹnu kò pé iṣẹ́ ni kéèyàn dáko tí ilé rẹ̀ máa jẹ, àmọ́ wọn ò ní tìtorí ẹ̀ ka ẹni náà mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ná, kí la wá fẹ́ máa pè é?

Mi ò bú obìnrin tó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ohun tó dùn mí ni pé owó ọkọ la ṣírò, a ò ṣírò físà. Físà ọkọ mi so mọ́ ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà ní òun ò fẹ́ mọ́, ilé ló kù. Ó dé tòun ti báàgì kan. Lọ́jọ́ kejì, mo ká aṣọ kúrò lórí maṣíìnì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Àwọn oníbàárà mi ti ní télọ̀ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi mí pé, "Àṣé ẹ ṣì ń ránṣọ?"

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìyá Télọ̀