Ìpàdé Èrò Tuntun lórí Iṣẹ́ Aláàdìrẹ

Ẹ̀yin èèyàn wa ní ilé iṣẹ́ ìpolówó, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ìpàdé èrò tuntun yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀, ní yàrá òkè ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìléwó. Iṣẹ́ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú ló wà nílẹ̀: ìpolówó rédíò kan àti pátákó ńlá kan.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé àwòrán Olúmọ wá mọ́. Gbogbo oníbàárà ìlú yìí la ti gbé e fún, ó ti sú èèyàn. Ẹ yà sí Ìtòkú fúnra yín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, kí ẹ sì tẹ́tí sí bí àwọn ìyá yẹn ṣe ń pe oníbàárà. Ẹnu wọn ni ìpolówó gidi wà, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà. Kálukú a mú èrò méjì wá lórí ìwé; ẹ̀yin ayàwòrán náà ò yọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ẹ rántí pé ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, gẹ́gẹ́ bí òfin 2022 ṣe là á sílẹ̀. Ẹ má ṣèlérí ọjọ́ tí ọwọ́ wa ò ní ká.

Ìrẹsì ọ̀fadà wà o. Ẹ fèsì síbí kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, ká lè mọ iye abọ́ tí a ó sọ fún olóúnjẹ.

Akọ̀wé