Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n á tètè fi kí ẹ káàbọ̀ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì: "Má ṣe òfófó o." Àgádágodo tí àwọn síníọ̀ tó ń fìyà jẹ jùníọ̀ fi ń tì wọ́n lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tó lọ sọ pé ẹnì kan ń jẹ búrẹ́dì nígbà prep (àsìkò ìkàwé alẹ́), kí wọ́n lè nà án, òfófó ló ṣe. Ẹni tó ní wọ́n ń fi bẹ́líìtì na òun lóru, ẹjọ́ ara ẹ̀ ló ń rò.

Nínà kọ́ ló sábà máa ń ṣáájú, gàrí ni. Síníọ̀ á ní kó o bu gàrí wá, wàá bu ife kan. Lọ́jọ́ kejì, á fẹ́ ṣúgà sí i. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹ ti wà lápò ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kíkọ̀ rọrùn jù. Má wò ó lójú bí ẹni tó fẹ́ jà, má sì wolẹ̀. Iwájú orí ẹ̀ ni kó o wò. Sọ pé: "Ẹ má bínú, mátírọ́ọ̀nù ní ká má pín oúnjẹ wa." Ẹ̀ẹ̀kan péré, kó o sì kọjá lọ síbi tí èèyàn wà. Ẹ̀bẹ̀ gígùn ló ń dùn mọ́ wọn.

Má wá síníọ̀ mìíràn tó máa gbèjà ẹ. Òun náà á gba owó iṣẹ́ ẹ̀: aṣọ fífọ̀, omi pípọn. Má sì gbé igi, torí igi ọwọ́ ẹ ni olùkọ́ máa kọ́kọ́ rí. Bí wọ́n bá dì ẹ́ mú, já ara ẹ gbà, pariwo, sá lọ síbi tí iná wà. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ àti ìdí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́, má dá lọ síbẹ̀.

Ní ìwé kékeré kan. Má fi sínú àpótí tí wọ́n lè tú, kó o máa gbé e mọ́ ìwé kíláàsì. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni kó o kọ ọ́: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é, ẹni tó rí i, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ìbáà ṣe èébú. "Wọ́n ń yọ mí lẹ́nu" kò ran olùkọ́ lọ́wọ́. "Lálẹ́ Tuesday, lẹ́yìn tí wọ́n pa iná, ó gba ₦500 lọ́wọ́ mi lẹ́yìn balùwẹ̀, ọmọ méjì rí i," ìyẹn ló ṣeé wádìí. Bí ara ẹ bá bó, lọ bá nọ́ọ̀sì kó o tó wẹ̀, má sì sọ pé o ṣubú ni. Ohun tó bá kọ sínú ìwé ẹ̀ á jẹ́rìí.

Má rojọ́ lórí ìlà àárọ̀. Àsìkò kíláàsì ni kó o lọ bá mátírọ́ọ̀nù tàbí olùkọ́ tó ń gbani nímọ̀ràn, bí ẹni tó lọ fi ìwé sílẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ tìẹ lọ́tọ̀. Àṣìṣe àwọn olùkọ́ wa (wọ́n rò pé oore ni!) ni pé wọ́n á kó ìwọ àti síníọ̀ náà síwájú, wọ́n á ní kẹ́ ẹ bọwọ́, ó parí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni síníọ̀ náà máa gbẹ̀san. Kó o tó kúrò níwájú ẹ̀, béèrè ibi tó o máa sùn lálẹ́ àti ọjọ́ tó o máa padà wá gbọ́ èsì. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí wọn ò ṣe nǹkan kan, pè wá. Bàbá á kọ lẹ́tà sí pírínsípà, wọ́n á sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, abala 11, kò fàyè gba kí wọ́n fìyà jẹ ọmọ lára tàbí lọ́kàn.

Bó bá jẹ́ ọmọ mìíràn ni wọ́n ká mọ́, má bá síníọ̀ jà. Ké sí ọmọ náà láti òkèèrè: "Mátírọ́ọ̀nù ń pè ẹ́ o!" Ìyẹn sábà máa ń tó láti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, jókòó tì í nígbà oúnjẹ.

Há nọ́ńbà màmá àti tèmi sórí, torí wọ́n á gba fóònù ní géètì. Bó o bá rí fóònù yá, tí ẹnì kan sì dúró tì ẹ́, ṣáà béèrè bóyá a ti ra gàrí tuntun. A máa mọ̀ pé ká wá.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ.