Orúkọ Wọn Ga ní Takie, Ibòji Kò Sí Níbẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dúró ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ń wá takisí Máíkírà tí yóò gbé mi dé ilé ìwòsàn. Orúnkún ń dùn mí, n kò lè gun ọ̀kadà. Oòrùn ń ta bí iná. Pátákó ìpolówó kan wà lókè wa, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, inú gọ́tà sì ni òjìji rẹ̀ bọ́ sí. Ìyá kan tó gbé gàrí ní, “Bàbá, bí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀ ni, à bá rí ibòji.” Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo fẹ́ bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sọ. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe ìlú lóore, agboòrùn, ìwé àjákọ àti fìlà la sábà ń rí. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti ń bá owó ọbẹ̀ du àpò wa.

Dangote kọ́ ọ̀nà Obajana sí Kabba ní Kogi, ìjọba sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí tó yẹ kó san. Ó dára. Àmọ́ ẹni tí kò ní mọ́tò, kí ni yóò gùn lórí ọ̀nà náà?

Kí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ tó ní òrùlé àti ìjókòó sí Takie, Sábó àti ẹnu géètì yunifásítì LAUTECH, kí wọ́n kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí i lórí. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ti ní kí ọkọ̀ èrò, gáréèjì àti ibùdókọ̀ ní ohun tí wọn yóò fi rọrùn fún wọn. Ta ló ti rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́? Kẹ̀kẹ́ arọ kì í wọ inú Máíkírà tí èrò ti kún.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ta wá lọ́rẹ, kí wọ́n ya owó táyà, ọ́ìlì àti owó oṣù dírẹ́bà sọ́tọ̀. Mo mọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kan níhìn-ín tí táyà dá dúró. Adìyẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀ báyìí.

Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá ya fọ́tò, kí wọ́n wá ní agogo méjì ọ̀sán, kí wọ́n bá wa dúró díẹ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, Ògbómọ̀ṣọ́.