Mẹ́nù Yẹn Tún Dé

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ara mi le, ọmọ ti ń rìn, àárò rẹ sì ń sọ mí. Mẹ́nù orí ìkànnì ayélujára tí mo ń kọ́ yẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, èyí tí o sọ nígbà náà pé ojú mi yóò fi rí màbo.

Bí mo bá gbé máòsì lé àkọlé rẹ̀, àpótí abẹ́ rẹ̀ a ṣí. Bí máòsì bá sì ti bọ́ sórí líǹkì kan nínú rẹ̀, àpótí náà a pa dé, a tún ṣí, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá CSS, èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ojú-ìwé, jà, láìmọ̀ pé CSS kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mouseover àti mouseout, ìròyìn tí ojú-ìwé ń gbọ́ bí máòsì bá wọ orí nǹkan tàbí tó bá jáde, ni mo lò, ìròyìn àwọn méjèèjì a sì máa gòkè láti ọ̀dọ̀ ọmọ (ohun tó wà nínú) dé ọ̀dọ̀ òbí (ohun tó gbà á sínú), tó fi jẹ́ pé bí máòsì bá ti ré líǹkì kan kọjá, àpótí náà á gbọ́ pé a ti jáde. Mo fi mouseenter àti mouseleave rọ́pò wọn, nítorí pé àwọn wọ̀nyí kì í ka ìrìn láti yàrá dé yàrá sí ìjáde kúrò nílé. Mo mọ̀ pé o ń rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn .hover(), àṣẹ kúkúrú tó so mouseenter àti mouseleave pọ̀, bí ojú, jQuery, àkójọ àṣẹ JavaScript tí mo fi kọ ọ́, ti ní kí a yé lò ó láti ẹ̀dà 3.3, nítorí náà .on(), àṣẹ tí a fi ń gbọ́ ìròyìn, ni mo kọ.

Nígbà tí mo sì ń gbé máòsì lọ gbé e bọ̀ kíákíá, slideDown àti slideUp, àṣẹ tó ń fa àpótí sísàlẹ̀ àti èyí tó ń ká a sókè, tí ìkọ̀ọ̀kan ń gba 400 mìlísẹ́kọ́ǹdù bí a kò bá sọ iye mìíràn, tò sẹ́yìn ara wọn, mẹ́nù náà sì ń jó nìṣó lẹ́yìn tí mo ti gbé ọwọ́ kúrò, àfi ìgbà tí mo fi .stop(true, true), tó ń pa àwọn tó ti tò sílẹ̀ rẹ́, tó sì ń parí èyí tó ń lọ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, síwájú wọn.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti fóònù, nítorí ìka kò lè rà bàbà lórí nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ajé ni ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi yóò wò ó, mo sì ti ń fi ẹnu sọ fún un pé kò séwu. Jọ̀wọ́, bá mi ṣí i lórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ, tẹ àkọlé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o sì sọ fún mi bóyá mẹ́nù ni ó ṣí, tàbí ojú-ìwé mìíràn ni ó gbé ọ lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Táyọ̀