Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Afinimọ̀nà lórí Ọ̀nà Àárín Kòtò ní Ọgbà Ẹranko Queen Elizabeth, Ùgáńdà

Sí àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa àti àwọn alábòójútó ọgbà.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ gọ́tà la bá wá. A kò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀dà títì.

Ọ̀nà tó gba àárín àwọn kòtò òkè ayọnáyèéfín, láti ẹnubodè Kabatoro dé Queen's Pavilion lẹ́bàá ìlà agbedeméjì ayé, jẹ́ kìlómítà 27. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí méjì sí mẹ́ta la fi ń rìn ín, pẹ̀lú ìdúró. Àlejò á fọwọ́ bo imú létí adágún Nyamunuka nítorí òórùn imí ọjọ́ (inú wọn kì í bàjẹ́ sí i, òun gan-an ni wọ́n wá gbọ́). Àmọ́ bí òjò Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún bá dé, tàbí ti Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá, ẹnubodè la ti ń dá wọn padà. Àwọn tó ń wa iyọ̀ ní Katwe, tí wọ́n ń mú àlejò yí adágún wọn ká, náà ń pàdánù.

Eérú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí iná abẹ́ ilẹ̀ pàdé omi, tí ilẹ̀ bú gbàmù, eérú àti òkúta ló dà yí kòtò kọ̀ọ̀kan ká, orí rẹ̀ la sì ń wakọ̀. Bó bá gbẹ, ó di lẹ́búlẹ́bú; bó bá mumi, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ipa táyà ni àgbàrá ń tọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ipa náà á jìn títí abẹ́ ọkọ̀ á fi máa ha ilẹ̀ àárín. Awakọ̀ tó bá yà fún un á gba orí koríko, òjò kejì á sì sọ ipa tuntun náà di kòtò. Òkúta mímú tí àgbàrá hú síta ló ń ya ẹ̀gbẹ́ táyà, ibi tí kò ṣeé lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé àárín ọ̀nà ga ju etí rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì la gọ́tà tí yóò máa darí omi kúrò lójú ọ̀nà ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pàápàá èyí tó lọ sí Baboon Cliffs, ibi gíga tí àlejò ti ń wo àwọn kòtò. Mítà 20 sí 30 ni kó wà láàárín gọ́tà kan àti èkejì, kó súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ níbi tó bá dà gan-an. Kí ẹnu gọ́tà má kọjú sínú kòtò, nítorí omi á jẹ etí rẹ̀ títí yóò fi dé ojú ọ̀nà. Kí wọ́n to òkúta sí ẹnu náà. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n da yangí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n fi róólà tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n wa yangí náà láti ìta ọgbà. Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹjọ ló dára fún iṣẹ́ yìí. Katapíla tó bá wọlé lójú òjò, ẹrẹ̀ ló máa rò.

Ọkọ̀ méjì kò lè gba ara wọn kọjá lórí etí kòtò. A fẹ́ ibi ìyàsápákan níbi tí awakọ̀ ti lè rí ẹni tó ń bọ̀. Kí wọ́n máa gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú: èso rẹ̀ ń dí rádíétọ̀, gbígbẹ rẹ̀ sì ń há mọ́ sàlẹ́ńsà gbígbóná, ó lè gbiná.

Ní tiwa, ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nìkan la ó máa gbé wọbẹ̀ lójú òjò, pẹ̀lú táyà àfipamọ́ méjì, ṣọ́bìrì, okùn, àti pátákó tí a ó fi sí abẹ́ jáàkì, torí jáàkì ń rì sínú eérú. Jíà kékeré la fi ń sọ̀. Bíréèkì tó bá di táyà mú á jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ lọ sí etí kòtò.

Ẹ rán onímọ̀ ọ̀nà kan wá kí Oṣù Kejì tó dé. Àwa la ó fi ọkọ̀ gbé e, a ó sì ri èèkàn síbi tó yẹ kí gọ́tà kọ̀ọ̀kan wà, kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.