Ológbò Tí Kò Fẹ́ Òòyà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ka ìmọ̀ràn tí ẹ gbé jáde pé kí ẹni tí irun ológbò kún ilé rẹ̀ fi aṣọ wé ẹran náà mọ́ra, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ẹ̀yìn rẹ̀ títí irun tó fẹ́ bọ́ yóò fi tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Dídì tí wọ́n ń di ológbò mú ló ń bí i nínú ju òòyà lọ. Bí ẹ bá fi tipá dì í lẹ́ẹ̀kan, ìgbàkígbà tó bá tún rí òòyà lọ́wọ́ yín, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ.

Lásìkò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òòyà ike máa ń ta sí i lára, bí ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù ṣe máa ń ta pàrà nígbà tí a bá ń bọ́ ọ lóru. Omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́ wà lọ́jà Ouando. Ẹ rì í bọ omi, kí ẹ gbọn ọ́n dànù títí yóò fi ku ọ̀rinrin lásán. Bí ológbò bá ti jẹun yó, tí oorun ń kùn ún, ẹ bá a níbi tó jókòó sí. Ẹ kọ́kọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ tó fọwọ́ fà á láti ọrùn dé ìdí, bí irun ṣe sùn sí. Irun tó ti kú á ká jọ mọ́ rọ́bà náà. Ìṣẹ́jú méjì ti tó. Ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ tí kò níyọ̀, kó má ju èékánná lọ, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Ìrù rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bó bá ti ń na ìrù mọ́lẹ̀, tí etí sùn sẹ́yìn, tàbí tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ ti pẹ́ jù nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan ikùn àti inú itan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbà tó bá ti gba ìbọ̀wọ́ tán ni kí ẹ mú òòyà irin eléyín wẹ́wẹ́ jáde. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lórí irun. Bí eyín rẹ̀ bá nàró, á máa ha awọ. Ìbàdí, lókè ìrù, ni irun tó kú máa ń pọ̀ sí, pàápàá lára èyí tó sanra tàbí tó darúgbó, nítorí ahọ́n rẹ̀ kì í débẹ̀ mọ́.

Bí irun bá lọ́ mọ́ra lẹ́yìn etí tàbí lábíyá, ẹ má ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Awọ máa ń bá irun gòkè, ẹ ó sì gé e mọ́ ọn. Ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo wọ́n ọn, kí ẹ fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn ló wà lára ahọ́n ológbò, irun tó bá lá, àfi kó gbé e mì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, á bi ìyókù. Àmọ́ bó bá ń gbìyànjú àtibì tí nǹkan ò jáde, tó sì kọ oúnjẹ, ìfun lè ti dí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni oògùn eégbọn ajá. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ dáadáa: bí wọ́n bá kọ perméthrine, ìyẹn oògùn apakòkòrò kan, síbẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ológbò rárá. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára rẹ̀. Gìrì ló ń mú un, ó sì lè pa á. Kẹrosíìnì àti crésyl, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀, náà, májèlé ni, torí gbogbo ohun tó bá kan irun rẹ̀ ló máa lá.

Bí irun bá sì bọ́ ní róbótó, tí ibẹ̀ ń pa èépá, ó lè jẹ́ làpálàpá, ó sì ń ran èèyàn. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, kí àwọn ọmọ má sì gbé e títí dókítà ẹran yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa olùtọ́jú ẹran ilé,
Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.