Iyọ̀ Píǹkì Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sítóòfù Rẹ

Ọjà Ọba, Akúrẹ́.

Mopélọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Mo wo fọ́tò ilé ìdáná yín tí o fi ránṣẹ́ títí. Ó mọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ìgò iyọ̀ píǹkì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù yẹn kò jẹ́ kí n sùn. O ní kẹ́míkà wà nínú iyọ̀ tí mò ń kó ránṣẹ́ sí ọ. (Má rò pé torí ọjà mi ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ o. Àpò iyọ̀ kan tí o kò gbà kò ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù.)

Kẹ́míkà tí ò ń sá fún náà ni áyódíìnì, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kó o jẹ. Iyọ̀ píǹkì kì í sábà ní in tó nǹkan. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn, lábẹ́ gògóńgò, tó rí bíi labalábá. Táírọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ fún ara bóyá kó yára ṣiṣẹ́ tàbí kó rọra, kò sì lè ṣe é láìsí áyódíìnì. Tí kò bá rí i, á máa wú. Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní èyí tó tó ọsàn, aṣọ ló fi ń bò ó lọ sọ́jà, àwọn èèyàn ní wọ́n ṣe é ni. Kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ló ń ti ara oúnjẹ wá, àmọ́ dókítà ní tirẹ̀ ti ibẹ̀ wá.

Ọrùn rẹ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, oyún inú rẹ ni. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, táírọ́ọ̀dù ọmọ inú kò tíì lè dá èròjà tirẹ̀ ṣe, èyí tí táírọ́ọ̀dù tìrẹ ń ṣe ló ń lò láti fi kọ́ ọpọlọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní máíkírógíráàmù áyódíìnì 150 ló tó àgbàlagbà lójúmọ́, aboyún 250. Èmi oníyọ̀ ti ṣírò rẹ̀: tí kìlógíráàmù iyọ̀ kan bá ní mílígíráàmù 30, gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò ga lórí, á fún ọ ní 150. Wọn ò sì fẹ́ ká jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 5 yẹn lójúmọ́, o sì mọ ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ. Má bu iyọ̀ kún iyọ̀. Ẹja ni kó bá ọ dí i.

Mo gbọ́, o ní ẹja ń rùn sí ọ, gàrí àti ẹ̀pà lò ń mu. Ṣé edé náà ń rùn? Lọ edé Ìlàjẹ kúnná, bù ú sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Panla dáa, ṣawá dáa. Àrọ̀ tí wọ́n ń sìn kò tó ẹja òkun níbí yìí. Ẹyin àti wàrà náà ní in. Gàrí tí kò kan dáadáa máa ń dí áyódíìnì lọ́wọ́ lára ẹni tí kò rí i jẹ tó, torí náà má fi ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

Èmi náà jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń tú ẹnu àpò iyọ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, tí mò ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Nígbà òjò, ìdí àpò á rin gbindin, omi á máa kán sílẹ̀, èmi á kàn fi páálí gbà á. N kò mọ̀ pé áyódíìnì ń bá omi yẹn lọ, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì kan tó wá ra edé fi yé mi. Ike onídèérí ni mò ń kó o sí báyìí. Ìwọ náà, gbé tìrẹ jìnnà sí iná, kó o sì bù ú sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.

Oògùn ewéko òkun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń tà lórí Facebook, má fi kan ẹnu. Àpọ̀jù áyódíìnì náà ń da táírọ́ọ̀dù rú. Tó o bá lọ sí kílíníkì aboyún lọ́jọ́ Ẹtì, bi wọ́n bóyá áyódíìnì wà nínú fítámì tí wọ́n fún ọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní in.

Mo ti fún awakọ̀ Oǹdó ní ike iyọ̀ kan àti kóńgò edé méjì. Mo ti san owó rẹ̀, má jẹ́ kó tún gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Iyọ̀ píǹkì yẹn, gbé e sí pálọ̀, ó rẹwà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.